Kólósíọ̀mù, Pantheon tàbí Áàṣì Titus? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Bíríkì Ìṣeré Kọ́ Ilé Róòmù Àtijọ́

Bí ọ̀rọ̀ ilé Róòmù àtijọ́ bá ti pàdé ọ̀rọ̀ bíríkì LEGO, Kólósíọ̀mù ni gbogbo ènìyàn máa ń pariwo. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Gbàgede ìṣeré ńlá tí Késárì Titus ṣí ní ọdún 80 lẹ́yìn ìbí Kristi, tí wọ́n fi ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ṣeré ìṣíde rẹ̀, kò ní ṣaláì lókìkí. Àmọ́ òkìkí ilé lọ́tọ̀, kí bíríkì gbọ́ràn sí ẹni tó ń kọ́ ọ lẹ́nu lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi òkìkí nìkan yan ilé lè ná owó ńlá tán kí ìdajì bíríkì ṣì wà nínú ọ̀rá.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ nìyí: bíríkì LEGO fẹ́ràn ohun tó tọ́ gbọọrọ. Láti àárín kókó kan lórí rẹ̀ sí àárín èkejì, mìlímítà 8 ni. Bíríkì kan ga ní mìlímítà 9.6, pẹlẹbẹ mẹ́ta tí a tò léra ló sì tó o. Àwọn ará Róòmù ní tiwọn, ohun tó yí ni wọ́n fẹ́ràn: òrùlé rìbìtì, gbọ̀ngàn olóbìírípo, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, áàṣì, ìyẹn ẹnu-ọ̀nà tí orí rẹ̀ tẹ̀ rìbìtì tí òkúta rẹ̀ ń fún ara wọn mọ́ra. Bíríkì onígun àti ilé tó yí kì í tètè gbọ́ ara wọn yé, iṣẹ́ wa sì ni láti làjà. Ilé tí ìjà ibẹ̀ bá kéré jù ni mo máa ń ní kí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀, ilé náà kì í sì í ṣe Kólósíọ̀mù.

Páálí tí wọ́n ti tò sílẹ̀

Ẹni tí kò fẹ́ ronú lórí ìwọ̀n, tó kàn fẹ́ ṣí ìwé ìtọ́nisọ́nà kó máa tò ó, páálí LEGO 10276 ni tirẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ló jáde. Bíríkì 9,036 ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí páálí LEGO kankan nígbà yẹn tó ní bíríkì tó bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí àwòrán ayé oníbíríkì 11,695 dé ní 2021. Dọ́là 549.99 ni iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde. Bí ẹ bá kọ́ ọ tán, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 27, ó fẹ̀ ní 52, ó sì gùn ní 59. Ẹ na téèpù sórí tábìlì yín kẹ́ ẹ tó dá owó síbì kankan. LEGO fúnra wọn kò ṣe é mọ́, nítorí náà ọwọ́ àwọn tó ń tún un tà lẹ ti máa rí i, iye tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n máa pè é.

Rok Zgalin Kobe ló yàwòrán rẹ̀, ọpọlọ sì wà nínú iṣẹ́ náà. Ní Róòmù, òpó ìpele kọ̀ọ̀kan Kólósíọ̀mù ní àṣà tirẹ̀: ìpele ìsàlẹ̀ tẹ̀lé àṣà Dóríkì, ti àárín Ìóníkì, ti òkè wọn Kọ́ríńtì. Níbi orí òpó, tí òkúta gidi ti ká róbótó, bàtà onítáyà kékeré tí ọmọlangidi LEGO máa ń wọ̀ ni Kobe dojú rẹ̀ dé tó fi sí i. Ẹni tí wọn kò bá fi hàn kò lè mọ̀ láé. Àwọ̀ mẹ́ta ló fi ṣe ara ògiri kí òkúta lè jọ òkúta tó ti gbó. Ó tún na ògiri sókè ju bó ṣe rí ní ti gidi lọ, nítorí pé ilé tó gùn ní mítà 189 tó sì ga ní nǹkan bíi mítà 48 máa pẹlẹbẹ bí àwo tí wọ́n bá kọ́ ọ bó ṣe rí gan-an. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí èyí. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1349 wó apá gúúsù ògiri ìta, páálí yìí kò sì fi ìyẹn pa mọ́: ẹ̀gbẹ́ kan ga, ẹ̀gbẹ́ kejì ti jẹ.

Kí ló wá burú nínú rẹ̀? Àtúnṣe. Áàṣì 80 ló yí ìpele ìsàlẹ̀ Kólósíọ̀mù gidi ká, iye kan náà ló wà lókè rẹ̀, iye kan náà ló tún wà lókè ìyẹn. Ohun tẹ́ ẹ ṣe lánàá lẹ máa tún ṣe lónìí, ẹ ó tún ṣe é lọ́la, ìwé ìtọ́nisọ́nà á kàn máa kọ ọ́ sí i pé ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí i. Àwọn kan fẹ́ràn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó máa ń tù wọ́n lára bí orin ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tí sùúrù rẹ̀ kéré, kó má dán an wò. LEGO fúnra wọn kọ 18+ sára páálí náà.

Àwọn kan máa ń ra Trevi Fountain ti LEGO mọ́ ìtàn Róòmù àtijọ́. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní 2014 pẹ̀lú bíríkì 731, èyí tó tóbi jáde ní 2025 pẹ̀lú bíríkì 1,880. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún 1762 ni wọ́n parí orísun omi náà. Omi tó ń sun níbẹ̀ nìkan ló ti àtijọ́ wá, nítorí ojú ọ̀nà omi Aqua Virgo tí Agrippa, ìjòyè Róòmù kan, ṣí ní ọdún 19 ṣáájú ìbí Kristi ló ń gbé e bọ̀. Bó bá jẹ́ ayé àwọn Késárì lẹ fẹ́ gbé sórí tábìlì, ẹ fo èyí.

Nanoblock ti ilẹ̀ Japan ńkọ́? Ìdajì ìwọ̀n bíríkì LEGO ni tiwọn, mìlímítà 4 láti kókó sí kókó, nítorí náà ilé wọn máa ń gba àyè díẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn fún orí tábìlì ọ́fíìsì. Mi ò fẹ́ràn wọn nílé tí ọmọ jòjòló ń rá kiri, nítorí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò pẹ́ dé ẹnu. Ìka ńlá náà yóò sì jìyà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yàwòrán tiyín

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn, torí kò sí páálí Pantheon (tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan ní Róòmù), kò sí ti Áàṣì Titus, tó jáde lára iṣẹ́ LEGO fúnra wọn. Ẹ ó gba Studio sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó kọ́ ilé náà lójú kọ̀ǹpútà, yóò ka iye bíríkì tẹ́ ẹ nílò fún yín, ẹ ó sì lọ rà á lórí BrickLink, ọjà íntánẹ́ẹ̀tì tó ti wà láti ọdún 2000 tí LEGO sì rà ní 2019. Ẹ má ṣe ra nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kan, mẹ́rin lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Owó ìfiránṣẹ́ ló máa jẹ yín run. Ẹ wá oníṣòwò kan tó ní bíríkì alawọ̀ iyanrìn lọ́pọ̀, kẹ́ ẹ tún àwòrán yín ṣe bá ọjà rẹ̀. Fún ẹni tó ń dúró de ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ láti London tàbí Houston, èyí ní àǹfààní kan: bíríkì inú ọ̀rá máa ń wọ inú bàtà àti àárín aṣọ nínú báàgì, páálí ńlá kì í wọ ibì kankan.

Pantheon: inú rẹ̀ le, ìta rẹ̀ rọ̀

Ayé Késárì Hadrian ni wọ́n parí Pantheon tó wà lóde báyìí, ní nǹkan bí ọdún 125 lẹ́yìn ìbí Kristi. Gbọ̀ngàn rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 43.3, bó sì ṣe fẹ̀ náà ló ṣe ga láti ilẹ̀ títí dé ojú ihò òkè rẹ̀. Òrùlé náà dà bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fi ìyẹn sá fún un. Kò yẹ kí wọ́n sá. Tí ẹ bá wo òrùlé náà láti ìta, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò yọ̀ dọ́ńdọ́n; àtẹ̀gùn rìbìtì ló yí i ká, ọ̀kan kéré ju ọ̀kan lọ. Pẹlẹbẹ tí a tò léra ń ṣe àtẹ̀gùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ohun tó jẹ́ àbùkù bíríkì níbòmíràn, ẹwà ló dà níbí.

Ẹ kọ́ ọ ní ìwọ̀n 1:150. Mítà 43.3 á di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 29, ìyẹn kókó 36 gérégé, nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì, sí mẹ́ta, sí mẹ́rin. Òpó iwájú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Òkúta gíránáìtì Íjíbítì ni òpó 16 iwájú ilé náà, mẹ́jọ ló sì dúró ní ìlà àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fi bíríkì róbótó oníkókó mẹ́rin ṣe wọ́n, òpó á wá sanra bí ti ilé epo. Bíríkì róbótó oníkókó kan ló súnmọ́ òótọ́, mẹ́jọ tí a tò léra ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíga ara òpó. Ó tín-ín-rín díẹ̀, ṣùgbọ́n kó tín-ín-rín sàn ju kó sanra lọ.

Inú rẹ̀ ni wàhálà wà. Ìlà márùn-ún ihò onígun mẹ́rin ló yí àjà náà ká, 28 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń gòkè. Kò sí bíríkì tó ń kéré sí i bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ inú lẹ fẹ́ fi han ènìyàn, ẹ gé ilé náà sí méjì kẹ́ ẹ kọ́ ìdajì, ẹ fi ihò 14 tàbí 12 dípò, kẹ́ ẹ sì fara mọ́ ọn. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti òrùlé náà pa, kẹ́ ẹ ṣí ihò òkè rẹ̀ nìkan sílẹ̀.

Áàṣì Titus: èyí tí mo máa ń dábàá

Lórí òkè Via Sacra, ojú ọ̀nà pàtàkì kan ní Róòmù àtijọ́, ló wà. Ẹ̀yìn ikú Titus ní ọdún 81 ni wọ́n kọ́ ọ, láti ṣe ìrántí ìṣẹ́gun rẹ̀ lórí Jerúsálẹ́mù. Ó ga ní mítà 15.4, ó fẹ̀ ní mítà 13.5. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, ìyókù ara rẹ̀ sì tọ́ gbọọrọ. Ìjà bíríkì àti yíyí, ojúkan péré ló mọ.

Ọmọlangidi LEGO ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4. Bí a bá fi í ṣe ènìyàn, ìwọ̀n wa á jẹ́ nǹkan bíi 1:42. Ní ìwọ̀n yìí Kólósíọ̀mù máa gùn ní mítà mẹ́rin ààbọ̀, ẹ ó ta àga inú pálọ̀. Pantheon á fẹ̀ ju mítà kan lọ nínú gbọ̀ngàn nìkan. Áàṣì Titus ní tirẹ̀ á ga ní sẹ̀ǹtímítà 37, á sì fẹ̀ ní 32, ìyẹn kókó 40. Ó wọ orí pẹpẹ ìwé, jagunjagun Róòmù tí LEGO ṣe ní 2012 àti Késárì tí wọ́n ṣe ní 2013 á sì lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìtẹríba.

Ẹnu ọ̀nà náà fẹ̀ ní mítà 5.36, èyí tó di kókó 16. Kò sí áàṣì tí LEGO dà lódidi tó máa ṣe é dáadáa, nítorí náà pẹlẹbẹ lẹ máa fi yí i. Ẹ fi ojú inú wò ó báyìí: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kókó mẹ́jọ láti rìn kí wọ́n tó pàdé lókè, pẹlẹbẹ 20 sì ni gíga tí wọ́n máa fi rìn ín. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn pín in dọ́gba. Bí ẹ bá pín in dọ́gba, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ kọ́ yẹn, kì í ṣe áàṣì. Nínú pẹlẹbẹ mẹ́wàá àkọ́kọ́, kókó kan péré ni kẹ́ ẹ yọ síwájú. Márùn-ún tó tẹ̀lé e, ẹ yọ kókó méjì. Márùn-ún tó gbẹ̀yìn ló máa jẹ kókó márùn-ún tó kù, ọ̀kan fún pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan, níbẹ̀ ni ọwọ́ sì ti máa ń gbọ̀n torí pé ọ̀pọ̀ bíríkì ń rọ̀ sófo. Ẹ to bíríkì èyíkéyìí sábẹ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀, kẹ́ ẹ fi pẹlẹbẹ gígùn so ọ̀tún mọ́ òsì lókè, kẹ́ ẹ tó yọ ti abẹ́ kúrò. Àwọn kọ́lékọ́lé Róòmù fúnra wọn ṣe bẹ́ẹ̀: igi ni wọ́n máa ń fi gbé áàṣì ró títí òkúta àárín yóò fi wọlé.

Ohun mìíràn tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni àwọ̀. Láàrin ọdún 1821 sí 1823, Giuseppe Valadier tún ilé náà kọ́ nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Òkúta mábù ni ti ìbẹ̀rẹ̀. Valadier lo òkúta travertine fún ibi tó sọnù, ó sì jẹ́ kó rí pẹrẹsẹ láìsí ọnà púpọ̀, kí ojú lè mọ tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ẹ fi bíríkì funfun ṣe àárín, kẹ́ ẹ fi alawọ̀ iyanrìn ṣe apá méjèèjì. Ẹni tó bá mọ ilé náà yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe.

Àwòrán fìtílà ẹlẹ́ka méje tí wọ́n kó láti tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù wà lára ògiri inú rẹ̀. Bíríkì kò lè gbẹ́ ìyẹn. Ẹ fi nǹkan kéékèèké aláwọ̀ góòlù ṣe fìtílà náà nìkan, ẹ fi àwọn ènìyàn tó gbé e sílẹ̀.

Áàṣì Constantine, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kólósíọ̀mù láti ọdún 315, ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta, ó ga ní mítà 21, ọnà ara rẹ̀ sì pọ̀ kọjá ààlà. Ẹ kọ́ ti Titus ná.

Afárá omi: fún kíláàsì àti fún ẹbí

Bí ọwọ́ tó fẹ́ kọ́ ọ bá pọ̀, ẹ kúrò ní Róòmù kẹ́ ẹ lọ sí Faransé tàbí Sípéènì. Pont du Gard, tó ń gbé omi lọ sí Nîmes, ga ní nǹkan bíi mítà 49. Ìpele mẹ́ta ló ní: áàṣì 6 nísàlẹ̀, 11 láàrin, 35 lókè nínú 47 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ìwọ̀n 1:300, áàṣì tó fẹ̀ jù níbẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú áàṣì LEGO oníkókó 12, tí àlàfo abẹ́ rẹ̀ jẹ́ kókó 10. Kò yí tó ti gidi, ó tẹ́ díẹ̀ lórí. Ti òkè náà ṣe déédéé pẹ̀lú áàṣì oníkókó 4, àmọ́ 35 kò ní wọlé nínú gígùn sẹ̀ǹtímítà 92. 28 ló máa gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ka iye rẹ̀ níwájú yín, ẹ bu omi fún un mu.

Ti Segovia ní Sípéènì rọrùn ju èyí lọ. Áàṣì kan náà ló ń tún ara rẹ̀ ṣe ní ìpele méjì, òkúta gíránáìtì tí wọn kò fi ohunkóhun lẹ̀ pọ̀, tó ga ní nǹkan bíi mítà 28 níbi tó ga jù. Olùkọ́ lè fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní áàṣì kan kọ́, kí gbogbo wọn wá so tiwọn pọ̀. Bí ọmọ mẹ́ta kò bá wá sílé ìwé lọ́jọ́ náà, afárá á kàn kúrú ni. Àtúnṣe tó ń rẹ ènìyàn nídìí Kólósíọ̀mù, níbí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló pín in, kò sì wúwo lọ́rùn ẹnì kankan.

Èyí tí mi ò dábàá

Òpó Trajan, ti ọdún 113. Ó ga ní nǹkan bíi mítà 35 pẹ̀lú ìdí rẹ̀, ó tín-ín-rín, ó sì yẹ kó rọrùn. Ṣùgbọ́n gbogbo iyì rẹ̀ ló wà nínú ọnà ogun tí Késárì Trajan jà ní Dacia, tó lọ́ mọ́ ọn lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 200. Bí ẹ bá yọ ọnà náà kúrò, páìpù funfun ló kù. Bí ẹ bá tẹ àwòrán rẹ̀ sórí ìwé tẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, iṣẹ́ ìwé lẹ ṣe, kì í ṣe ti bíríkì.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwòrán tẹ́ ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì mú yín ra bíríkì ìràkurà. Ryan McNaught, ọmọ Australia, kọ́ Kólósíọ̀mù fún Mùsíọ́ọ̀mù Nicholson ní Yunifásítì Sydney ní 2012. Ó lé ní 200,000 bíríkì, ìdajì rẹ̀ ń fi ilé náà hàn bó ṣe wà láyé Késárì, ìdajì kejì bó ṣe rí lónìí. Rocco Buttliere ti Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kọ́ àárín ìlú Róòmù ní ìwọ̀n 1:650, bíríkì tirẹ̀ lé ní 60,000. Iṣẹ́ oojọ́ wọn nìyẹn. Ohun tẹ́ ẹ lè kọ́ lára ti Buttliere ni pé bí ìwọ̀n bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀, áàṣì kì í ṣe áàṣì mọ́, ihò lásán ni, ojú ẹni tó ń wò ó ló sì ń parí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó gbogbo Forum, gbàgede àárín ìlú Róòmù àtijọ́, sórí tábìlì kan, ọ̀nà yẹn ni kó tọ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó lówó, tó láyè, tó sì fẹ́ kí ìwé máa darí òun: Kólósíọ̀mù 10276, bó bá rí i lówó tó bọ́ sí i. Ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò, tó lè fi ọ̀sẹ̀ kan jókòó ti Studio kó tó ra bíríkì kan: Pantheon, ìta nìkan. Olùkọ́, tàbí ìdílé tó lọ́mọ púpọ̀: Segovia. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lónìí tó fẹ́ nǹkan tí àlejò máa bèèrè nípa rẹ̀: Áàṣì Titus, láìṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó. Ẹni tó ní tábìlì kan ṣoṣo tó sì ń jẹun lórí rẹ̀, Nanoblock.

Bó bá jẹ́ ti Titus lẹ mú, ẹ má gbé e sí ojú fèrèsé. Oòrùn máa ń sọ bíríkì funfun di pupa rúsúrúsú, kò sì sí bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ tó tí yóò fi padà sí bó ṣe wà. Ẹ fi búrọ́ṣì ìkunjú tó rọ̀ gbá eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀, kí omi má sì kàn án bó bá jẹ́ pé ẹ lẹ àkọlé SENATVS POPVLVSQVE ROMANVS (ìgbìmọ̀ àgbà àti àwọn ará Róòmù) mọ́ iwájú rẹ̀.